Àmì Dúdú Tó Ń Yí Padà Lára: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àmì, Tí A Tún Ń Tọ́jú Ìpayà Rẹ̀

Ẹni tó bá ń wo àmì kan lára rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, tó tún ń tan iná fóònù sí i lóru, wàhálà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni àmì náà. Èkejì ni ẹ̀rù tó so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi oògùn ọ̀kan wo èkejì: a ó máa fi àmúmọ́ra wo àmì tó yẹ kí dókítà rí, tàbí ká máa ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn nítorí ẹ̀rù tí dókítà awọ ara kankan ò lè gé kúrò. Mo fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀ níbí. Àwọn ará Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ awọ ara kan gbogbo wa.

Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ mọ ibi tó yẹ kí ojú lọ

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni jẹjẹrẹ awọ ara, kò kan ènìyàn dúdú. Àwọn mìíràn á ní àmì tó bá ti yí padà, ó ti di jẹjẹrẹ nìyẹn. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀.

Irú jẹjẹrẹ tó máa ń ti inú àmì dúdú bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní melanoma, kò wọ́pọ̀ rárá láàárín àwa aláwọ̀ dúdú bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá mú wa, ibi tí a kì í wò ló sábà máa ń wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń yọ jù, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná. Oòrùn kọ́ ni wọ́n ń ka èyí sí lọ́rùn. Bob Marley tí gbogbo ayé mọ̀, abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni tirẹ̀ wà. Wọ́n ti kọ́kọ́ rò pé ibi tó ti fara pa nídìí bọ́ọ̀lù ni. Ọdún 1977 ni wọ́n mọ ohun tó jẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1981, lẹ́ni ọdún 36. N kò mú un wá láti dẹ́rù bà yín. Mo mú un wá nítorí mo mọ̀ pé ojú àti ọrùn ni ọ̀pọ̀ yín ń wò nínú dígí, tí ẹ ò sì rántí ìgbà tí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín kẹ́yìn.

Ní ti ojú: àwọn kókó dúdú kéékèèké tó máa ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú àti ọrùn, tó sì máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ìdílé ló máa ń tọ̀. Ẹ wo ojú ìyá yín tàbí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a níbẹ̀. Kì í di jẹjẹrẹ. Àmì tí oyún mú dúdú díẹ̀ sí i wọ́pọ̀ náà. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú oyún, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bákan náà ni àbààwọ́n dúdú tó tẹ́ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára ẹni tó ti ń pa ìpara abóra fún ọdún pípẹ́: ìpara náà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èékánná ló máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ìlà dúdú tó gùn láti ìdí èékánná dé orí rẹ̀, tó wà lórí èékánná mélòó kan pa pọ̀, wọ́pọ̀ gan-an lára àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú, kò sì ń dà wá láàmú. Èyí tó yẹ kí dókítà rí ni ìlà tó dá wà lórí ẹyọ èékánná kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tàbí tó ń fẹ̀ sí i, pàápàá bí dúdú náà bá ti rékọjá èékánná bọ́ sórí ẹran ara tó yí i ká.

Tàwọn àfín yàtọ̀ pátápátá. Oòrùn ni ọ̀tá tiwọn, irú jẹjẹrẹ mìíràn ló sì sábà máa ń mú wọn: egbò tí kò san, tàbí ibi tó le gbandi lójú, létí, lọ́rùn tàbí lẹ́yìn ọwọ́. Kí àfín tó bá rí irú egbò bẹ́ẹ̀ má dúró ka gbogbo èyí tó kù. Kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: lóru tí àyà bá já

Òru ni ẹ̀rù máa ń rí wa mú. Ilé á dákẹ́, NEPA á ti mú iná lọ, ìwọ àti àmì ló kù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lóru yẹn kò ju pé kí ẹ fọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Àmì tí a ń họ, tí a ń fún, tí a ń fi èékánná tẹ̀, á wú, á ta, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó wá rí àmì tó ti yí padà lóòótọ́, ọwọ́ yín ló sì yí i padà.

Ẹ má wá àwòrán rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara òyìnbó ni ọ̀pọ̀ àwòrán tó máa jáde, èyí tó burú jù nínú àwọn tó burú ni wọ́n sì máa ń gbé síwájú. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi wé tiyín. Ẹ má sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó á ti ní kí ẹ fi ewúro rà á, àǹtí kan á ti rí i lójú àlá.

Bí àyà bá ń lù kìkì, tí orí ń gbóná, tó ń ṣe yín bíi pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ, tí inú ń kùn: ohun tí ìpayà máa ń ṣe sí ara nìyẹn, kì í ṣe pé àrùn ti tàn dé ibẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ fa èémí sínú láti imú, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́rin. Ẹ tú u jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àmì náà ò ní lọ, ṣùgbọ́n àyà á rọlẹ̀ tó láti dùbúlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojúmọmọ, rúlà àti ìwé

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí òróró, òrí tàbí páúdà kúrò. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí èékánná, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe làálì tí ẹ lé fún ìgbéyàwó tàbí aró ló kù síbẹ̀. Bàtà tó há tàbí ohun tó jábọ́ lu ìka náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ èékánná. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá èékánná dàgbà jáde: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ ó rí i pé ìdí èékánná ti funfun padà, dúdú náà sì ti sún síwájú. Ti ẹsẹ̀ kì í yá. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ lè lò tó ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ kó tó hù tán, nítorí náà ẹ má retí pé á lọ lọ́sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀. Ẹ mú rúlà ọmọ ilé ìwé, ẹ fi lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, ẹ ya fọ́tò méjì: ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn tó máa fi ibi tó wà lára hàn, ọ̀kan láti ìtòsí. Ẹ kọ ọjọ́, bó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó ń yún tàbí ó ń dùn, àti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, sínú ìwé kan.

Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i kì í ṣe ìgbà tó dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wẹ̀ yín ní kékeré.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, àmì tó wà lẹ́yìn mi yìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Èwo? Àh, ìyẹn! Ìwọ ò tíì rìn tó ti wà níbẹ̀. Bàbá rẹ náà ní irú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.”

Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bi, ẹ tú àwọn fọ́tò àríyá àtijọ́. Aṣọ tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ní ìgbéyàwó àbúrò yín lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn lè parí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ gba oorun yín.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkọ sílẹ̀ rèé, ará Iléṣà ò sì yẹ kó ṣàjèjì sí i. Láàárín àwọn ọdún 1950, dókítà kan láti ilé ìwòsàn Wesley Guild, David Morley, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fún àwọn ìyá ní káàdì tí wọ́n á máa tọ́jú sílé, tí wọ́n ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù. Káàdì yẹn tàn ká ayé. Nínú rẹ̀, ìwọ̀n ọjọ́ kan ò sọ nǹkan púpọ̀. Bí ìlà ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù ló ń sọ bóyá ara ọmọ le. Bẹ́ẹ̀ ni àmì rí. Ojú tí ń wò ó nígbà gbogbo kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́. Bí a ṣe ń wò ó sí i ni ohun tí a rántí nípa rẹ̀ ń ṣókùnkùn sí i. Ìwé àti fọ́tò ló máa ń rántí.

Nínú wíwò yín, ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí nìyí: bóyá ìlàjì rẹ̀ kan jọ ìkejì, bóyá etí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, dúdú níbí, búráùn lọ́hùn-ún, pupa tàbí eérú láàárín, bóyá ó ti fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tó jẹ́ bí ìdí pẹ́ńsùlù. Èyí tó wúwo jù lójú tèmi ni ìyípadà: pé ó ń fẹ̀, ó ń ga, àwọ̀ rẹ̀ ń pààrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù. Àmì tó tóbi, tí etí rẹ̀ ò gún, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kò dẹ́rù bà mí tó àmì kékeré tó wá láìpẹ́ tó ń dàgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ bó ṣe yẹ kí ẹ yára tó

Lọ́sẹ̀ yìí: àmì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ họ ọ́, kókó tó ń dàgbà kíákíá, ìbáà má dúdú, egbò tàbí àbààwọ́n dúdú lórí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ tó ti ju oṣù kan lọ tí kò san, ìlà èékánná tó ti bọ́ sórí ẹran ara, àmì tí ìwé yín fi hàn pé ó fẹ̀ sí i.

Láàárín oṣù yìí: èyí tó ń yún, tó dúdú díẹ̀ sí i, tó kàn ń fu yín lára tí ẹ ò lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Èyí tí kò kánjú: àmì ìgbà èwe tí kò yí padà àti àwọn kókó ojú tí ìyá náà ní.

Bí ẹ ò bá mọ ibi tí tiyín wà, ẹ kà á sí èyí tó wà láàárín. Ẹ mú ọjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì yéé tún un pín lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé ìwòsàn

Ní agbègbè wa, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAUTHC, ni ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara. Ìbùdó rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, Wesley Guild tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà sì jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ará Iléṣà lè bẹ̀rẹ̀ ní Wesley, kí wọ́n fi lẹ́tà darí rẹ̀ bó bá yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn inú ọgbà. Ẹni tó ní ìdójútòfò ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì rẹ̀, kó gba lẹ́tà níbẹ̀, kí wọ́n má baà dá a padà. Ọjọ́ tí dókítà awọ ara ń jókòó kì í ṣe ojoojúmọ́: ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fúnni ní káàdì kí ẹ tó pa ọjà tì.

Ẹ tètè dé. Ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, gbogbo ìka, tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó rọrùn láti bọ́. Obìnrin tí àmì rẹ̀ wà níbi ìkọ̀kọ̀ lè ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì òun. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ máa ń sá mọ́ wa lẹ́nu tí a bá dé iwájú dókítà. Ẹ kà á látinú ìwé yín: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ló wà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mìlímítà 4 ni. Ó ti di 6. Kò dùn mí. Fọ́tò rẹ̀ rèé.” Kí ẹ sì fi kún un, ẹ má tijú: “Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí débi pé n kì í sùn.” Dókítà tó bá mọ èyí máa fara balẹ̀ ṣàlàyé ju ẹni tó rò pé ẹ kàn wá fi àmì hàn lọ. Ẹ jẹ́ kó wo gbogbo ara, kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi kan ṣoṣo, kó sì wo ẹsẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ mú lọ. Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi rò bẹ́ẹ̀? Ṣé ó yẹ ká gé e ṣàyẹ̀wò? Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló ń bá ẹ̀rù wí lọ́jọ́ iwájú: tí kò bá sí nǹkan, kí ni mo gbọ́dọ̀ rí kí n tó padà wá? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Bí wọ́n bá ní àwọn á gé e, abẹ́rẹ́ tó ń pa ibẹ̀ kú ni wọ́n máa kọ́kọ́ gún, wọ́n á gé e, wọ́n á rán an, ẹ ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, pé tí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ á tàn káàkiri, kò rí bẹ́ẹ̀. Pípẹ́ ló ń jẹ́ kó tàn. Àwọn tí ẹ ń rí tí wọ́n kú lẹ́yìn tí wọ́n gé tiwọn, ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí egbò yín bá máa ń hu kókó lẹ́yìn tó bá jinná, bí irú èyí tó máa ń hù létí tí wọ́n lu, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó mú abẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì gé lára yín, láàbù ló gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n, ẹ gba ẹ̀dà èsì náà, kó wà lọ́wọ́ yín.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ gbé àmì lọ: kẹ́mísìtì tó ń ta ohun tó ń jó ara, ẹni tó ń gé èékánná kiri àdúgbò, ẹni tó máa fi òwú so ó títí á fi já. Àmì tí a ti jó tàbí tí a ti já sọnù kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó jẹ́ mọ́.

Ìyá àgbà lè ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹ má bá wọn jiyàn. “Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ọ̀la ni mo ń lọ rí dókítà, ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sínú àdúrà náà.” N kò tíì rí ìyá tó kọ èyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì

Ibí ló le jù. Èsì láàbù lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí àmì mọ́. Ẹ̀rù nìkan ló kù láti tọ́jú. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí ẹ lè wá gbà á àti ẹni tí ẹ máa béèrè. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, iṣẹ́ yín ni láti má ṣe fóònù sí wọn láràárọ̀.

Ẹ fún ẹ̀rù ní àkókò tirẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́, aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ fún àpẹẹrẹ, lẹ́yìn tí ẹ bá palẹ̀ ọjà mọ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ fẹ́ sùn. Nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ro gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rò, ẹ kọ ọ́, ẹ sunkún bó bá wá. Bó bá yọjú ní aago mẹ́wàá àárọ̀ nígbà tí oníbàárà dúró síwájú yín, ẹ dá a lóhùn: “Mo ti gbọ́. Aago márùn-ún àbọ̀.” Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò ní gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ sún sí ìrọ̀lẹ́ ni kò ní agbára mọ́ nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá dé, tí ẹ ò sì rí ohun tuntun kọ.

Ọwọ́ tó ń lọ síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sọ fún un pé “láéláé.” Ẹ sọ fún un pé “ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Ẹ lọ fọ abọ́, tàbí kí ẹ ṣe nǹkan mìíràn. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tó sì ṣì ń wù yín, ẹ tún fi mẹ́wàá kún un. Ìfẹ́ láti wò ó máa ń ga, lẹ́yìn náà á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta á mọ̀ pé wíwò kọ́ ló ń mú ọkàn balẹ̀. Ẹ lẹ bándéèjì mọ́ ọn bó bá jẹ́ ibi tí ọwọ́ tètè ń dé.

Lẹ́yìn ọwọ́ ni ẹnu. “Ẹ bá mi wò ó, ṣé kò tíì tóbi sí i?” Ẹni tí wọ́n ń bi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ á sọ pé rárá, ọkàn á balẹ̀ fún wákàtí kan, ìbéèrè á tún padà. Kì í ṣe pé ọkọ tàbí ìyàwó burú. Ìdáhùn wọn ló ń bọ́ ẹ̀rù náà. Ẹ jọ fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ohun tí wọ́n máa sọ:

“Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wò ó fún mi.”

“Ìyá Tóbi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. A ti jọ sọ ọ́, ọjọ́ kìíní oṣù la máa wò ó. Wá, ká jọ jókòó.”

Kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kó má sì dáhùn ìbéèrè náà. Ìjókòó yẹn ni ìdáhùn. Bí kò bá sí ọkọ tàbí ìyàwó, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò. Bí ẹni mẹ́wàá bá mọ̀, ẹni mẹ́wàá ni yóò máa bi yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ó máa sọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa jáde. Ẹni tó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù, tó jókòó sílé máa retí èsì, àkókò ló kó lé ẹ̀rù lọ́wọ́ yẹn. Ẹ rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó le, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ jẹun bí oúnjẹ ò tilẹ̀ dùn lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nígbà tí èsì bá dé

Bó bá jẹ́ melanoma tí a tètè rí, tí kò tíì wọlé jìn, iṣẹ́ abẹ tó gé e pẹ̀lú díẹ̀ nínú awọ tó yí i ká ló sábà máa ń tó. Èyí tó ti jìn á gba àyẹ̀wò sí i àti ìtọ́jú mìíràn. Ẹ mú ẹnì kan dání lọ gbọ́ àlàyé, torí etí yín lè di lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀rù á tán lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ máa ń lò, lẹ́yìn náà ohùn kan á ní, “Bóyá wọ́n pààrọ̀ èsì mọ́ tẹlòmíràn.” Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí dókítà kejì lẹ́ẹ̀kan, bí ohun kan nínú àlàyé tàkọ́kọ́ kò bá yé yín. Ẹni kẹta, ẹni kẹrin, fún àmì kan náà tí kò yí padà, ẹ̀rù ló ń rán yín. Ẹ ṣí ìwé yín, ẹ ka ìdáhùn dókítà sí ìbéèrè kẹrin. Bí ohun tó kọ síbẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: nígbà tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló kù tó ń ṣàìsàn

Àmì ti san, ẹ ṣì ń wá òmíràn lára. Tàbí àmì ò ní nǹkan, ẹ ò lè ṣiṣẹ́, oorun ti lọ, ìbẹ̀rù àrùn ti gba oṣù púpọ̀. Àìsàn ni èyí, ó sì ní ìtọ́jú: ìjókòó pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ láti tú irú ìrònú yìí ká, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn tí dókítà kọ. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn wà ní OAUTHC. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Ṣé wèrè ni mo ya ni?” Rárá. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ló ń ronú jù báyìí. Ẹ má lọ máa ra oògùn oorun ní kẹ́mísìtì. Àwọn kan nínú wọn máa ń di bárakú, ẹ̀rù á sì dúró dè yín nígbà tí ẹ bá jí. Bó bá ti di pé ikú ń wù yín, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kẹ́ ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ̀ka pàjáwìrì, ìbáà jẹ́ òru.

Lóṣooṣù

Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù, ọjọ́ kìíní rọrùn láti rántí, lẹ́yìn ìwẹ̀, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àárín ọmọ ìka, èékánná. Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná ọwọ́, inú ẹnu, abẹ́ ọmú, ìkọ̀kọ̀, ẹ̀yìn pẹ̀lú dígí méjì tàbí ojú ẹlòmíràn, orí nígbà tí ẹ bá ń tú irun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún gbogbo rẹ̀. Àmì tí ẹ ti kọ sílẹ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi ìmọ́lẹ̀ kan náà, ẹ pa ìwé dé. Àgbàlagbà tí kò lè tẹ̀ mọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá wọn gbé ẹsẹ̀ wò, kó sì ṣí àárín ọmọ ìka kẹrin àti ìkarùn-ún dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fò.